Abẹ́rẹ́ Kì Í Ṣe Mímì Adìẹ: Ta Ló Ń Fojú Tín-ín-rín Kámẹ́rà Kékeré?

Èrò kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn fọ́tò yíyà, ọ̀pọ̀ àgbà tó yẹ kó tọ́ wọn sọ́nà náà sì ti gbà á gbọ́. Èrò náà ni pé ẹni tí kò bá gbé kámẹ́rà ńlá kọ́rùn, irú èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ẹnu ìbọn, tí bọ́tìnnì ara rẹ̀ pọ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí, kò tíì di onífọ́tò. Ní ti kámẹ́rà pẹlẹbẹ tó ṣeé kì bọ àpò, wọ́n ní ohun ìṣeré ọmọdé ni. Èrò tó ṣìnà gbáà ni. Ó ń ti àwọn ọmọ sínú gbèsè, ó ń fún àwọn olùkọ́ ní àwáwí, ibi tó sì ti burú jù ni pé ó ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àwòrán tó yẹ kí ìran tó ń bọ̀ jogún di èyí tí ẹnikẹ́ni kò yà rárá.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ girama kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá á ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ ya àwòrán àwọn alámọ̀kòkò, àwọn aláró, àwọn ahunṣọ òkè tó kù ní àdúgbò, kí wọ́n sì kọ àlàyé sábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan. Ìdáhùn tí yóò kọ́kọ́ jáde ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, a ò ní kámẹ́rà." Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa, ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà wà. Ó wà nínú àpótí tábìlì ní ilé ọ̀kan nínú wọn, èyí tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ mú bọ̀ láti ìlú òyìnbó ní ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, tí eruku ti bò. Ó wà lára fóònù. Èyí tí wọ́n ń sọ pé àwọn kò ní ni kámẹ́rà ńlá. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá sì ti forí ṣe fọrùn ṣe ra ọ̀kan, inú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá àgbà ló máa ń sùn. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ló ń rí oòrùn: ọjọ́ eré ìdárayá àti ọjọ́ tí wọ́n ń pín ẹ̀bùn. Owó tí wọ́n fi rà á ti pọ̀ ju kí wọ́n jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án lọ. Kí wá ni èrè ohun-èlò tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ẹni tó ni ín?

Nígbà tí ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà ní Nàìjíríà ní 2011, fọ́tò yíyà wà lára àwọn iṣẹ́-ọwọ́ tí wọ́n là sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè yàn nínú wọn. Àwọn tó là á sílẹ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ tí ọmọ lè fi jẹun ni. Bí a bá wá sọ fún ọmọ náà pé kó má bẹ̀rẹ̀ àfi ìgbà tó bá ní owó tó tó ra ọ̀kadà, a ti pa ìlẹ̀kùn dé mọ́ ọn lójú kó tó kan ibẹ̀.

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́. Kí George Eastman ará Amẹ́ríkà tó gbé kámẹ́rà Kodak jáde ní 1888, ẹrù ni onífọ́tò máa ń rù bí ẹni tó ń ṣí kúrò ní abà: àpótí onígi gbàǹgbà, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé e lé, awo dígí tí wọ́n fi oògùn kùn. Eastman ní kí ẹni tó bá ra Kodak sáà máa tẹ bọ́tìnnì, ilé-iṣẹ́ òun ni yóò ṣe ìyókù. Fíìmù inú rẹ̀ gba àwòrán 100, dọ́là 25 sì ni owó rẹ̀, owó gidi ní ayé ìgbà náà. Ní 1900 ló wá gbé Brownie jáde ní dọ́là 1 péré. Páálí ni wọ́n fi ṣe àpótí rẹ̀, àwọn ọmọdé ni wọ́n sì dìídì polówó rẹ̀ fún. (Eastman kì í ṣe Bàbá Kérésì o. Fíìmù ló fẹ́ máa tà, ẹni tó bá sì ti ra kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú yóò máa padà wá ra fíìmù.) Kò sí ohun púpọ̀ tí ènìyàn lè yí lára kámẹ́rà páálí yìí. Ẹni tó bá fẹ́ kí fọ́tò òun dára, àfi kó kọ́ bí oòrùn ṣe ń rìn: ìgbà tó yẹ kó wà lẹ́yìn onífọ́tò, ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé dùn ju ti ìta lọ, ìgbà tí ó yẹ kí a ní kí màmá sún kúrò lábẹ́ igi nítorí òjìji ewé tó ń ṣe tótòtó lójú wọn. Àwọn tó ń sọ pé kámẹ́rà kékeré ń sọ ọmọ di ọ̀lẹ kò ronú dé ibẹ̀. Kámẹ́rà tí kò ṣeé yí ni ó ń fipá kọ́ ènìyàn láti wo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Èyí tó ní bọ́tìnnì 20 ni ọmọ yóò tẹjú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tí yóò máa wá ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe, títí tí ohun tó fẹ́ yà yóò fi kọjá lọ.

Ní 1950, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni 20 ọdún kan ra Brownie D tí kò ní iná fílàṣì. J. D. 'Okhai Ojeikere ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Emai ni, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Edo lónìí. Ọ̀rẹ́ kan ló kọ́ ọ ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Ó kọ lẹ́tà léraléra sí iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn pé kí wọ́n gba òun síṣẹ́, iṣẹ́ yòówù kó jẹ́, títí wọ́n fi gbà á ní 1954 láti máa ṣe ìrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fíìmù. Ní 1968 ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà. Ibi tó bá ti bá wọn náà ló ti ń yà á: òpópónà, ibi iṣẹ́, òde ìnáwó. Nígbà tó fi kú ní 2014, àwòrán irun tó ti yà tó nǹkan bí 1,000. Onílé gogoro wà lára wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn irun tí ọmọbìnrin òde òní kò lè dárúkọ mọ́. Ẹ̀yìn orí ló sábà máa ń dojú kámẹ́rà kọ, kí ẹni tó ń wò ó má baà tẹjú mọ́ ẹwà ojú kó gbàgbé iṣẹ́ ọwọ́ onídìrí. Kò sí kámẹ́rà tó sọ fún un pé ẹ̀yìn orí ni kó yà.

Ẹnìkan lè sọ pé kì í ṣe Brownie ni Ojeikere fi ya irun. Òótọ́ ni. Kámẹ́rà tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ọdún 18 ló wà láàárín Brownie àti irun, ó sì ti fi àwọn ọdún wọ̀nyẹn kọ́ bí a ti ń wo nǹkan. Ẹni tó ra kámẹ́rà tó dára nítorí pé iṣẹ́ tó ti mọ̀ béèrè fún un kò lè jọ ẹni tó rà á pẹ̀lú ìrètí pé yóò bá òun mọ iṣẹ́. Ẹni tí kò mọ ijó ní í sọ pé ìlù kò dún. Ẹni tí kò mọ fọ́tò yà náà ní í sọ pé kámẹ́rà òun kéré.

Ní Bamako, olú ìlú Mali, Malick Sidibé ra Brownie Flash tirẹ̀ ní 1956, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ará Faransé kan tó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tò. Ọ̀gá rẹ̀ ń lọ sí àríyá àwọn òyìnbó, Sidibé ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ti àwọn ọmọ ìlú. Láti àríyá kan dé òmíràn ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, kámẹ́rà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́wọ́, ó ń ya àwọn ọ̀dọ́ tí òmìnira ìlú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní 1960. Fọ́tò rẹ̀ tí ayé mọ̀ jù ni ti alẹ́ Kérésìmesì 1963: ọmọkùnrin kan tó wọ kóòtù àti ọmọbìnrin kan ń jó, wọ́n tẹrí ba síra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí iwájú orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ pé Sidibé ní láti to igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kalẹ̀ kó tó yà wọ́n ni, orin á ti tán, àwọn ọmọ náà á sì ti dúró ṣánṣán bí ọmọ ogun. Ní 2003 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Hasselblad, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Hasselblad ni orúkọ ọ̀kan nínú àwọn kámẹ́rà tó wọ́n jù láyé. Ẹ̀bùn tó ń jẹ́ orúkọ kámẹ́rà olówó iyebíye wá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ti inú Brownie bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, àyè wà níbẹ̀.

Àwọn òyìnbó pàápàá ti ja ìjà yìí. Oskar Barnack ará Jámánì, tí ikọ́ fée ń bá jà, tí kò sì lè máa ru kámẹ́rà gbàǹgbà kiri, ló ṣe kékeré tó wá di Leica, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1925. Ní 1932 Henri Cartier-Bresson ará Faransé ra ọ̀kan. Ó fi nǹkan dúdú bo ibi tó ń dán lára rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà kíyè sí i. Lẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló sábà máa ń lò. Ìyẹn náà tó.

Bí ó bá jẹ́ pé ìtàn òkèèrè kò tó, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, ṣèwádìí iṣẹ́ àwọn onífọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní 1978. Fọ́tò ìbejì wà lára rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, tí àwọn òbí sì fẹ́ fọ́tò àwọn méjèèjì, onífọ́tò á ya èyí tó kù, á sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan náà, kí Táyé àti Kẹ́hìndé lè jókòó ti ara wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọkùnrin kan obìnrin kan ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún ọmọ náà, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á tún yà á. Ohun tí agbẹ́gilére máa ń fi ère ṣe, onífọ́tò fi fíìmù àti ìwé ṣe é. Títí di òní, kò sí kámẹ́rà kan lágbàáyé tó ní bọ́tìnnì ìbejì. Inú orí ẹni tó mọ àṣà ìyá ọmọ náà, tó sì mọ ohun tí ó ń sunkún lé lórí, ni bọ́tìnnì yẹn wà.

Wàyí o, ohun tó ń wú àwọn ọ̀dọ́ lórí jù lára kámẹ́rà ńlá ni bó ṣe ń sọ ẹ̀yìn àwòrán di kùrukùru. Ènìyàn á hàn kedere, gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì yọ́ bí òrí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ojú lẹ́ǹsì kámẹ́rà ńlá lè ṣí gbàyà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí nínú rẹ̀ sì fẹ̀, nítorí náà ìwọ̀nba ibi tóóró kan ló ń mú kedere nígbà kan. Ohun tó bá sún mọ́ jù tàbí tó jìnnà jù á ṣú. Kámẹ́rà kékeré yàtọ̀. Ojú rẹ̀ kò ṣí tó bẹ́ẹ̀, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ sí kéré, ó sì ń mú ti iwájú mọ́ ti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Àléébù ni wọ́n ka èyí sí. Wọ́n á ní fọ́tò náà "rí wúruwùru."

Ẹ mú fọ́tò ìyá àgbà kan tí wọ́n yà ní ogójì tàbí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, kí ẹ gbé e fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo ojú ìyá tán, ibo ni ojú wọn ń lọ? Ẹ̀yìn ìyá ni. Ògiri amọ̀ tí wọ́n fi ẹfun kùn. Fìtílà tó wà lójú fèrèsé. Rédíò onígi tí wọ́n fi aṣọ bò. Ìkòkò omi ní kọ̀rọ̀, pẹ̀lú agbè lórí rẹ̀. Ọmọdé kan tí wọn kò pè síbi fọ́tò, tó ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n wá mọ̀ pé òun ni ẹ̀gbọ́n bàbá wọn tó ti dolóògbé. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè: ilé wo nìyí, ṣé èyí tí wọ́n wó nígbà tí wọ́n ń la títì ni? Ìtàn ìdílé kan ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé kámẹ́rà òde òní ni wọ́n fi ya ìyá náà, tí gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ sì di kùrukùru, ojú arúgbó kan ni ì bá kù, ojú tó lè jẹ́ ti ẹnikẹ́ni níbikíbi. Ẹni tó bá ń ya àwòrán fún ẹ̀kọ́ àṣà, tó sì ń pa ẹ̀yìn rẹ̀ rẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń pa ẹ̀rí run. Aláró láìsí ìkòkò aró, ta ni yóò mọ̀ pé aláró ni?

Wọ́n á tún ní kámẹ́rà kékeré kò ní mẹ́gápíksẹ́lì tó. Olùkọ́ ìṣirò lè bá wọn dá sí èyí. Fọ́tò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tẹ̀ fún òde ìnáwó jẹ́ ínṣì 5 sí 7. Bí wọ́n bá fẹ́ kó dán mọ́rán, àmì 300 ni wọ́n ń fi sínú ínṣì kọ̀ọ̀kan. 5 lọ́nà 300 jẹ́ 1,500. 7 lọ́nà 300 jẹ́ 2,100. Bí a bá sọ méjèèjì di púpọ̀, ó jẹ́ 3,150,000. Mẹ́gápíksẹ́lì 3 àti díẹ̀ nìyẹn. Kámẹ́rà pẹlẹbẹ onímẹ́gápíksẹ́lì 5 tí wọ́n ń tà ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ti ní ju ohun tí fọ́tò náà nílò lọ. Kí fọ́tò tó kún ojú ìwé A4 pàápàá, kò tó mẹ́gápíksẹ́lì 9. Ìyókù tí wọ́n ń sanwó lé lórí, inú kọ̀ǹpútà ló ń lọ jókòó sí, tí yóò máa gba àyè.

Ti ìwúwo ńkọ́? Nikon D850, kámẹ́rà àwọn ọ̀gá tó jáde ní 2017, wọn gíráàmù 1,005 kí wọ́n tó fi lẹ́ǹsì kankan sí i. Ricoh GR III, kámẹ́rà àpò tó jáde ní 2019, wọn gíráàmù 257 pẹ̀lú lẹ́ǹsì rẹ̀, bátìrì rẹ̀ àti ohun gbogbo. Kí ọmọ ọdún 14 gbé èkíní kiri ọjà láti àárọ̀ dé ọ̀sán, ọrùn rẹ̀ á sọ fún un ní alẹ́. Ṣùgbọ́n ìwúwo tó burú jù ni èyí tó ń wọ ẹni tí wọ́n dojú kámẹ́rà kọ lára. Alámọ̀kòkò tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín á yí padà nígbà tí ojú dúdú kìjikìji bá yọ sí i. Á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ wọ aṣọ tó dára. Á kọ́kọ́ béèrè pé iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wo ni wọ́n ti wá, àti èló ni wọ́n máa san. Kò ṣe àìdáa. Ohun tó rí ló fèsì sí. Níwájú kámẹ́rà pẹlẹbẹ, amọ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa bọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ohun tí wọ́n wá yà gan-an sì nìyẹn.

Kò sí ẹni tó sọ pé kámẹ́rà ńlá kò ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ya agbábọ́ọ̀lù láti ẹ̀gbẹ́ pápá, ẹni tó fẹ́ ya ẹyẹ lórí igi, ẹni tí wọ́n sanwó fún láti ya ìyàwó nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ ṣókùnkùn, kó lọ ra ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè. Ọdẹ tó ń lépa erin kò lè mú kànnàkànnà dání. Àmọ́ mélòó nínú àwọn ọmọ tó ń yáwó ra kámẹ́rà ńlá ló rí erin rí?

Àwọn kan á gba ẹ̀yìn yọ, wọ́n á ní ó yá, kí a kúkú máa lo fóònù. Fóònù dára, òun náà jẹ́ kámẹ́rà kékeré, ẹni tí kò bá ní òmíràn kó lò ó láìtijú. Òun ló tilẹ̀ lé kámẹ́rà pẹlẹbẹ kúrò lọ́jà: ní 2010 àwọn ilé-iṣẹ́ Japan kó ju 100 mílíọ̀nù rẹ̀ lọ jáde, ṣùgbọ́n ní 2023 kò tó 5 mílíọ̀nù. Síbẹ̀ fóònù ní ìṣòro tirẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò gbà á láyè, wọ́n sì ní ìdí. Ìpè á wọlé láàárín ọ̀rọ̀ àgbà. Àtẹ̀jíṣẹ́ á fa ojú ọmọ kúrò lára iṣẹ́. Bí wọ́n bá jí i, tàbí tó bá kó sómi, àwòrán ọdún mẹ́ta á bá a lọ. Kámẹ́rà pẹlẹbẹ kò mọ iṣẹ́ méjì. Kò ní í dún, kò ní í pe ẹnikẹ́ni, káàdì inú rẹ̀ sì ṣeé yọ fún olùkọ́ ní ọjọ́ kejì. Ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń wá àwọn kámẹ́rà àtijọ́ wọ̀nyí kiri láti rà, èyí tí àwọn òbí wọn ti jù sínú àpótí. Níbí, èyí tó wà nínú àpótí ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá kan wà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn tó ṣì ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ kó tó rì í sínú aró. Irú wọn kò pọ̀ mọ́. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n díẹ̀, àwọn ọmọ wọn kò kọ́ iṣẹ́ náà, orúkọ àwọn ọnà tí wọ́n ń yà sì wà lórí wọn nìkan. Ilé wọn lè má jìnnà sí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí agogo bá ti lù, olùkọ́ kan àti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin lè dé ibẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n ní, "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ yín." Kámẹ́rà wà nínú àpótí tábìlì. Bátìrì méjì ló kù kí wọ́n rà.